Egda, Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀, àti Àwọn Tó Ní Àwọn Ń Bọ̀

Ní La Vela, ìlú wa létí òkun, bí o bá ní ẹrù tí o kò mọ ibi tí wàá gbé e sí, ilé tí Egda Chirino ń gbé ni wọn yóò júwe fún ọ. Kò sí ohun tí wọn kò tíì ní kí obìnrin yẹn bá wọn ṣọ́ rí: ewúrẹ́, kọ́kọ́rọ́, ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná, ọmọ ọwọ́, òkú pàápàá lọ́jọ́ tí àlùfáà pẹ́ dé. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń sọ bí wọ́n bá ti ń kẹ̀yìn: "Egda, bá mi fojú sí i, mo ń bọ̀." Ẹ̀yin náà mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹni tó ń lọ ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lóòótọ́ kì í ráyè sọ ọ́, ọ̀nà ló máa ń wò.

Ọkọ rẹ̀, Ovelio, sọ ọ́ lọ́jọ́rú kan. Ó gbé rédíò rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ́ kí eruku bà á, pé òun fẹ́ lọ wo iṣẹ́ kan ní Punto Fijo, òun ń bọ̀. Títí di ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ojoojúmọ́ ni Egda ń nu rédíò náà. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí rédíò yẹn, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí rẹ̀.

Lẹ́yìn Ovelio ni àìsàn ìyá Egda, ọdún mẹ́sàn-án gbáko lórí ibùsùn, Egda ló ń gbé e, Egda ló ń tẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyá kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Nerio, ní kó kó wá sílé òun. Ẹ̀yìn Egda ni Nerio dàgbà sí. Ó ti wá di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi báyìí, ó ní ìyàwó tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ní ọmọ mẹ́rin. Ẹ lè sọ ẹni tó ń tọ́jú wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni Nerio ń pè é lọ́jọ́ gbogbo, kò sì gbójú sókè sí i rí. Àmọ́ okùn tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ hun, okùn náà ni, ewúrẹ́ tí wọ́n bá fi so kò ní lọ sí oko.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, 1986, ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lẹ́yìn oko iyọ̀ ń wá obìnrin tí yóò máa se oúnjẹ àwọn ọmọ. Egda gbọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà tọ́ ẹ̀wà tó ní kó sè wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọwọ́ yín dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni iná gbọ́dọ̀ ti jó. Ibo lẹ̀ ń gbé?"

"La Vela."

"Kìlómítà méje nìyẹn. Ọkọ̀ èrò kì í sì í dé ibí ṣáájú aago mẹ́jọ. Báwo lẹ ó ṣe dé?"

"Mo máa dé, mà."

"Ó dáa. Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí èéfín, mo máa mú ẹlòmíràn."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Egda, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò gbowó lé lórí láyé rẹ̀ nìyẹn. Yàrá kékeré kan tún wà lẹ́yìn ilé ìdáná náà tí kò sí ẹni tó ń gbé e. Kò béèrè nípa yàrá náà, ó kàn wò ó, ó tún padà wò ó.

Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé, Nerio rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi rìn ín?"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo máa gùn."

"Kẹ̀kẹ́ wo? Ta ló fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ fún yín?"

Òótọ́ ni pé owó kẹ̀kẹ́ tuntun ní Coro, ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, kọjá agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ní Curaçao, erékùṣù tó wà lódìkejì òkun, bí àwọn òyìnbó Họ́láńdì bá ń padà sílé, wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ fún iye díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sì ni Nerio ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bàrà lọ tà ní Willemstad, olú ìlú wọn. Egda ní òun yóò bá wọn lọ, òun yóò máa se oúnjẹ fún àwọn atukọ̀. Nerio kò rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ pé rárá. Ìyàwó rẹ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan láti jókòó ti àwọn ọmọ, inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó sì jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Báyìí ni Egda ṣe dé ìlú àjèjì. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi rí ju ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ, nítorí oúnjẹ àwọn atukọ̀ kì í tán. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn máa padà sílé, ló tó rí àyè.

"Aago mẹ́rin la máa tú okùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni Nerio wí. "Mi ò ní torí kẹ̀kẹ́ dúró o. Àwọn ọmọ ń retí yín."

Bàbá Tirso, ará La Vela bíi tiwa, tí ọkọ̀ tirẹ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ń bó ọsàn jẹ. Ó ní, "Tèmi di ọ̀la. Mo ṣì ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù. Bó bá pẹ́ jù, kó bá mi lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀," ni Nerio dáhùn kíákíá. Kò bi Egda bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Afárá onígi gígùn ló wà láàárín apá ibi tí ọjà wa wà àti Otrobanda ní òdìkejì omi. Egda sọdá rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ó ń béèrè ní ojúlé dé ojúlé, títí ó fi dé àgbàlá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rudsel. Ọkùnrin náà tó ẹni ogójì ọdún, ó sanra, ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣéènì tó ti dípẹtà, póńpù, fọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ẹyìn tí ẹnikẹ́ni kò ṣà. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló dúró dáadáa, wọ́n fi òkúta gbé e níwájú. Ó dúdú, ó ga, irin rẹ̀ nípọn. Ọkàn Egda lọ sí i lójú ẹsẹ̀, ó sì gbìyànjú láti má jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

"Olùkọ́ òyìnbó kan ló lò ó," Rudsel wí. Ó ń fi èdè wa sọ ọ́, ó ń da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. "Kò gbé e já bọ́ rí. Àǹtí, ẹ wo kárìyà ẹ̀yìn yẹn, ẹ lè gbé àpò àgbàdo kan síbẹ̀."

"Bíréèkì rẹ̀ dà?"

"Ẹsẹ̀ yín ni bíréèkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, á dúró."

"Táyà iwájú ńkọ́?"

Rudsel wo iwájú kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ọ̀rẹ́ mi ń bá mi lẹ̀ ẹ́. Kò jìnnà, ẹ̀yìn ibí yìí ni. Ẹ sanwó, ẹ jókòó, kí n lọ gbé e wá."

Egda tú owó rẹ̀ nínú ìdí aṣọ. Kò dúnàá-dúrà tó bó ṣe yẹ, nítorí ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Rudsel ju owó sápò, ó nawọ́ sí ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé, tó gbé àwo ẹ̀wà lé ẹsẹ̀ láìṣà á. "Ìyá mi nìyẹn, Shon Fila. Ẹ bá mi fojú sí i. Aworó."

Ó jáde.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jọ àwòrò òòṣà létí yín, èdè àwọn ará erékùṣù ni. Ní ilé wa, ahora ni ìsinsìnyí, kí o ṣẹ́jú kí ó ti dé. Egda gbọ́ aworó, ó pè é ní ahora, ó rò pé ahọ́n àwọn ènìyàn náà ló kàn wúwo. Kò sí ará La Vela tí kò tíì jìn sí kòtò yẹn. Èmi fúnra mi ti dúró rí níbẹ̀ de sòkòtò tí wọ́n ń rán fún mi, títí ọkọ̀ fi lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá.

Egda jókòó sórí agolo. Aago mọ́kànlá lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló rí. Nígbà tó yíjú padà, Shon Fila ti dìde, ó ti fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà jáde sí ojú pópó níbi tí mọ́tò ń sáré. Egda sá tẹ̀ lé e, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó dá a padà sórí àga.

Ìyá náà wò ó lójú, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Elvira," ó ní. "O ti dé."

"Èmi kọ́ ni Elvira, mà. Egda ni mí."

"O pẹ́, Elvira." Ó di etí aṣọ Egda mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́.

Aago méjìlá lù. Ebi ń pa ìyá arúgbó, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó ń wọni lára ju igbe lọ. Egda wọ ilé ìdáná, ó rí ìyẹ̀fun àgbàdo, ó rí àjẹkù ẹja. Ó rò ó, ó fi bọ́ ọ. Nítorí pé abọ́ tó fi bu oúnjẹ dọ̀tí, ó fọ̀ ọ́. Nítorí pé ó ń fọ abọ́ kan, ó fọ ìyókù. Aago kan kọjá kó tó bá ara rẹ̀ nídìí ìgbálẹ̀, ó ń gbá àgbàlá tí kì í ṣe tirẹ̀, ní ìlú tí kò ní ọmọ baba kan. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe Rudsel ló ń bí i nínú nígbà náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni, ọwọ́ tí kò lè rí ohun tí ẹnìkan fi sílẹ̀ kó má gbé e.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn àdúgbò, Shon Fila ń wọ́ tẹ̀ lé e, etí aṣọ lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé, iṣẹ́ ni gbogbo wọn lọ. Ó padà. Ó wo kẹ̀kẹ́. Bó bá gbé e léjìká báyìí tó sá lọ, kí ni yóò fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe lọ́jọ́ Ajé? Bó bá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, owó tó fi ọdún méjì ṣẹ́ jọ nínú owó ọbẹ̀ ló lọ yẹn. Bó bá sì jókòó, ọkọ̀ lọ. Ìyá tí iyè rẹ̀ ti ra sì wà níbẹ̀ tó lè kú sójú pópó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìgbàkígbà tó bá sì pinnu pé òun ń lọ, etí rẹ̀ yóò sọ fún un pé ọkùnrin náà ní ìsinsìnyí, ìsinsìnyí kò sì lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago méjì lù. Aago méjì ààbọ̀ lù.

Obìnrin kan tó ń ta páì ẹran gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá, apẹ̀rẹ̀ lórí. Egda sáré kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá oníṣòwò, ṣé ẹ mọ Rudsel? Ó ní òun ń gbé táyà bọ̀ nísinsìnyí, láti àárọ̀ ni mo sì ti ń dúró."

"Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní aworó."

Obìnrin náà sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. "Ará òkè òkun ni yín, àbí? Àǹtí mi, aworó kì í ṣe nísinsìnyí o. Aworó ni tó bá yá. Ó lè yá lónìí, ó lè yá kí ilẹ̀ ṣú. Rudsel kò purọ́ fún yín."

"Tó bá yá?"

"Tó bá yá. Fúráìdè nìyí, abẹ́ igi àjàgbọn ló wà, ó ń ta dómínò. Ẹ yí ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì."

Egda wo ọwọ́ ọ̀tún. Wákàtí mẹ́rin ló ti fi jókòó de ọ̀rọ̀ kan tí kò lóye, ọkùnrin náà sì wà ní òpópónà kejì. Ó ronú kan Ovelio láìfẹ́, ó sì lé ìrònú náà lọ, nítorí kò sí àyè.

Bárò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Egda yí i dé iwájú àga, ó tẹ́ àpò sínú rẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé, mà, ká lọ ṣeré." Shon Fila wọ inú bárò pẹ̀lú ọlá, bí ẹni tó ń wọ mọ́tò gómìnà. Egda gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn dùbúlẹ̀ lórí itan ìyá, ìyá dì í mú, ó ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun. Báyìí ni wọ́n ṣe gba àárín Otrobanda kọjá lójú ọ̀sán gangan. Àwọn ajá pàápàá dákẹ́ láti wò wọ́n.

Ọkùnrin mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi àjàgbọn. Rudsel wà lára wọn, dómínò kún ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé nǹkan kan nísàlẹ̀ tábìlì. Táyà Egda ni.

"Àǹtí," ó ní, ẹnu yà á. "Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣebí mo ní aworó."

"Ọkọ̀ mi ń lọ ní aago mẹ́rin."

"Ẹ ò sọ fún mi." Ó wo inú bárò. "Mama, kí lẹ̀ ń ṣe nínú bárò?"

"Elvira ń gbé mi ṣeré," ni Shon Fila dáhùn.

Ọkùnrin kan lára àwọn tó ń ta dómínò ní, "Rudsel, ìwọ kò gbé e ṣeré rí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Rudsel náà rẹ́rìn-ín, ó yọ sípánà nínú àpò, ó gbé táyà, ó kúnlẹ̀, ó ń de nọ́ọ̀tì. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ìyá yín," ni Egda wí. "Mi ò lè lọ ibì kankan."

Rudsel gbójú sókè, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ? Mo ní kẹ́ ẹ fojú sí i ni. Gbogbo Otrobanda ló mọ Mama mi. Tó bá rìn jáde, onímọ́tò á dúró, ẹnìkan á fà á lọ́wọ́ padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀ bá ti lọ, Àǹtí. Kò sí ohun tó máa ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Egda jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn ọgbà wà ní ṣíṣí látàárọ̀, kò sì sí ẹni tó tì í mọ́lé. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni La Vela rí, ta ló mọ̀. Bóyá àwọn ewúrẹ́ yẹn ì bá ti jẹko wọn láìsí i, kí òkú yẹn náà sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ títí àlùfáà fi dé.

Kẹ̀kẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Egda di hándù rẹ̀ mú. Shon Fila na ọwọ́ láti inú bárò, ó wá etí aṣọ náà, kò tó o mọ́.

"Elvira, ṣé o ń lọ ni?"

Gbólóhùn náà dé ẹnu Egda, ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ tán. Ó gbé e mì. "Mò ń lọ, Mama," ó ní. "Mò ń lọ."

Ìyá náà rò ó wò. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi."

Egda kò tíì gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tó wà ní ọmọge. Ó gùn ún báyìí, ó yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yẹ̀ sósì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ agbada ẹlẹ́ja kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí kí orí rẹ̀ tó rántí. Aago mẹ́rin ti lù kó tó rí omi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lórí afárá, ó sì kù díẹ̀ kó dé òpin rẹ̀ nígbà tí agogo dún.

Afárá Willemstad kì í gbéra sókè bí àwọn mìíràn. Orí omi ló léfòó sí, bí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá, ẹ́ńjìnnì á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti géètì níwájú Egda, ó ṣẹ́ku ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ilẹ̀ tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i, omi ń fẹ̀ láàárín wọn. Ó tún há. Ó dúró sí etí afárá gan-an, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, kò sí ibi tí yóò gbà síwájú, ọ̀nà ẹ̀yìn sì jìn. Nígbà náà ló rí ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣí afárá.

Ọkọ̀ Nerio ni. Àpótí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òfìfo kún inú rẹ̀. Nerio dúró nídìí ìtọ́kọ̀, ó rí i, ojú rẹ̀ là, ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó darí ọkọ̀ sún mọ́ etí afárá tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti wá yín títí! Ẹ fò! Ẹ fò, wọ́n á gbá yín mú!"

"Kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?"

"Kò sí àyè ìyẹn. Ẹ gbé e ti irin yẹn, ẹ bẹ ẹnìkan kó bá yín ṣọ́ ọ. A ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì, a máa wá gbé e."

Àwọn atukọ̀ méjì ti na ọwọ́. Ọkọ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè dúró lójú ọ̀nà yẹn. Egda wo àwọn ọwọ́ náà. Ó wo ojú àbúrò tó pọ̀n dàgbà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn kò sí lábẹ́ iyèméjì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù sí ọjọ́ Ajé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe báyìí. Ta ló máa jókòó ti àwọn ọmọ?"

Egda fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, bí Rudsel ṣe kọ́ ọ, kẹ̀kẹ́ náà sì dúró gbagidi. Ó rò pé òun yóò sunkún. Ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀.

"Nerio," ó ní, "bá mi fojú sí wọn. Mo ń bọ̀."

Ọkọ̀ kọjá. Nerio ṣì ń wẹ̀yìn nígbà tó dé ẹnu òkun.

Bàbá Tirso gbé e lọ́jọ́ kejì, òun àti kẹ̀kẹ́, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́fà tó lù, èéfín ń jáde lẹ́yìn oko iyọ̀. Yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn náà kò ṣófo mọ́. Bí ẹ bá dé ilé Nerio lónìí tí ẹ béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò sọ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ó ní òun ń bọ̀. Rédíò Ovelio wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, eruku ti bò ó.